Ìbéèrè Kẹwàá

Ní gbogbo Ọjọ́ Ajé tó bá bẹ̀rẹ̀ oṣù, mo máa ń gbé fọ́ọ̀mù ìwádìí ọkàn lọ sílé Màmá Adéìtàn ní Ìkirè. Ìbéèrè mẹ́wàá ni. Ẹ̀gbà ọwọ́ tí ìjọba fún gbogbo wa ń fi bí ọkàn oníkálukú ṣe rí hàn. Ti Màmá ti dúdú kirimú láti oṣù mẹ́ta tí ọkọ wọn ti kú. Ṣùgbọ́n òfin ò gba ẹ̀gbà gbọ́. Ohun tí èèyàn bá fẹnu ara rẹ̀ sọ nìkan ló ń gbà, kó tó rán alábàárò tí yóò máa wá bá a jókòó.

"Ṣé ẹ ń sùn dáadáa, Mà?"

"A dúpẹ́."

"Ṣé àárò bàbá ń sọ yín?"

"A dúpẹ́, ọmọ mi. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé a dúpẹ́."

Mò ń fàmì sí "dáadáa" nìṣó, inú ń bí mi. Ta ló máa jókòó níwájú àlejò, kó máa ka ìbànújẹ́ rẹ̀ sílẹ̀? Àwọn tó kọ fọ́ọ̀mù yìí ò mọ̀ wá. Mo bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n tó jẹ́ kí n pààrọ̀ ìbéèrè kẹwàá.

"Oúnjẹ èèyàn mélòó lẹ sè láàárọ̀ yìí, Mà?"

"Ti èèyàn méjì," ni wọ́n dáhùn kíá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo ìkòkò.

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, bó ṣe jáde lẹ́nu wọn. Mo wá lọ fọ ọwọ́ mi, mo ní kí wọ́n bu ti ẹnì kejì fún mi.