Ìwé Tó Wà Nísàlẹ̀ Báàgì

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ọláyẹmí kó àwọn ìwé tó wà ní yàrá màmá wọn sínú báàgì Ghana-must-go kan, ó ní kí oníkẹ̀kẹ́ gbé e lọ fún ẹ̀gbọ́n òun ní Ẹ̀gbẹ́dá. Kò pè é lórí fóònù. Láti oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti sin màmá, oníkẹ̀kẹ́ ló ń bá àwọn méjèèjì jíṣẹ́ fún ara wọn.

Ìwé ẹ̀sìn ni Fúnmiláyọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń tà, ní ṣọ́ọ̀bù tó fara ti ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Èyí tó máa ń tà jù ni ìwé tó ń kọ́ àwọn omidan bí wọ́n ṣe ń gba ọkọ lọ́wọ́ Olúwa. Ọdọọdún ló ń fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Ọláyẹmí lọ́jọ́ ìbí rẹ̀. Bírò aláwọ̀ ewé, èyí tó ti ń lò láti kékeré, ló fi ń kọ "Sí àbúrò mi" sí i. Ọláyẹmí ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógójì, ó ń ṣe tíṣà ní Baruwa, kò sì tíì lọ́kọ. Ó to àwọn ìwé náà jọ sórí kọ́bọ́ọ̀dù, kò ṣí ìkankan rí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ fi Fúnmiláyọ̀ jẹ ìyá ìjọ. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta ni wọ́n ń ka orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ sétí ìjọ, pé kí ẹni tó bá mọ àbùkù rẹ̀ wá sọ ọ́ fún àwọn àgbà. Wọ́n ti kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan.

Ìwé ìtàn ìfẹ́ kan ló wà nísàlẹ̀ báàgì, pélébé, tí èèpo rẹ̀ ti já. Ewé méjì àkọ́kọ́ ti lẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Láti ìgbà tí Fúnmiláyọ̀ ti di àtúnbí ní yunifásítì ni kò ti fọwọ́ kan irú ẹ̀ mọ́, òun tó jẹ́ pé nígbà tó wà níléèwé, ọbẹ̀ máa ń jóná mọ́ ọn lọ́wọ́ nítorí ìwé kíkà. Ó fẹ́ sọ ọ́ sí pàǹtí. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti ká etí ewé kan, ibẹ̀ ló sì ṣí sí.

Ó dúró kà á. Nínú ìtàn náà, obìnrin kan kò fẹ́ kí àbúrò rẹ̀ fẹ́ Mùsùlùmí. Ó fara wé ọwọ́ ìkọ̀wé àbúrò náà, ó kọ létà sí ọkùnrin yẹn: "Má wá sọ́dọ̀ mi mọ́. Ìgbàgbọ́ mi ju ìfẹ́ wa lọ." Ó ya fọ́tò àwọn méjèèjì sí méjì, ó fi ìlàjì sínú àpòòwé.

Fúnmiláyọ̀ wá ibì kan jókòó.

Ohun tí òun náà ṣe lọ́dún méjìlá sẹ́yìn nìyẹn. Sùrájù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń kan àga ní Ìkòtún, ló fẹ́ fẹ́ Ọláyẹmí. Fúnmiláyọ̀ ló kọ gbólóhùn méjèèjì yẹn, kò yọ kan, kò fi kan kún un. Òun ló ya fọ́tò. Sùrájù kò padà wá. Ọlọ́run nìkan ló sì jẹ́wọ́ rẹ̀ fún.

Ó dájú pé Ọláyẹmí ti gbọ́. Bóyá òun ló kọ ìwé náà, bóyá ó sọ ọ́ fẹ́ni tó kọ ọ́, ibì kan náà ni ọ̀rọ̀ ti jáde. Ó tún wá ká etí ewé rẹ̀, kí òun má baà wá a tì. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Inú bí Fúnmiláyọ̀ débi pé ó gbàgbé Bíbélì rẹ̀ sórí káńtà, ó mú ìwé ìtàn náà dání, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Baruwa.

Ọláyẹmí ń máàkì ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Kò dìde, kò kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, Sistá Fúnmi."

"Ìkà ni ẹ́."

"Ẹ ṣeun. Ẹ kú ìrìn."

"Tó o bá fẹ́ bà mí jẹ́ lójú ìjọ, o ò ṣe lọ bá àwọn àgbà tààrà? Kí lo wá ń fi ìwé gún mi lára fún?"

"Ìwé tí mo bá ní yàrá màmá ni mo dì fún yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń fi ìwé bú mi láti ọjọ́ yìí, mo wá bá yín jà nílé yín rí?"

"Má ṣe bí ẹni tí ò mọ̀ jàre! Sùrájù ti fi létà yẹn hàn ẹ́, àbí?"

Bírò pupa dúró lórí ìwé.

"Létà wo?"

"Èyí tí mo kọ sí i lórúkọ ẹ! Mo kọ ọ́! Mo ya fọ́tò yín! Ṣé kí n máa wò ẹ́ kó o fẹsẹ̀ ara ẹ rìn lọ sí ọ̀run àpáàdì ni? Ọdún méjìlá ti kọjá, kí lo tún ń fẹ́?"

Mọ́sáláṣí ẹ̀yìnkùlé bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun Àsárì. Ọláyẹmí pa ìwé tó ń máàkì dé.

"Èmi rò pé òun ló já mi sílẹ̀ ni," ó wí. "Mo ti gbé e ṣépè, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi àti ọmọ ọlọ́mọ."

Ìgbà náà ni Fúnmiláyọ̀ tó mọ̀ pé àbúrò rẹ̀ kò mọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Ó na ìwé náà sí i.

"Ṣebí o kọ ọ́ síbí. Gbogbo ẹ̀ ló wà níbí."

Ọláyẹmí gbà á, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Mi ò ka èyí rí. Inú àpótí tẹ́ ẹ gbé lọ sí iléèwé gíga ni mo ti kó o, èyí tí màmá ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ṣí." Ó ki èékánná bọ àárín ewé méjì tó lẹ̀ pọ̀, ó rọra là wọ́n, ó wò ó, ó sì yí ojú ìwé náà sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Bírò aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi kọ ọ́ síbẹ̀: "Fúnmiláyọ̀ ló ni ìwé yìí, SS 2, 1999, mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì ti ká etí ibi tó dùn jù."