Horo Bóréètì Kan Ṣoṣo

"Ẹ rọra mí, sà, kí èémí yín má fẹ́ ẹ dànù!"

Obìnrin onímọ̀ òkúta kan ló ń kìlọ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ bó ṣe ń fi ẹ̀mú gbé horo funfun kan sórí abọ́ dígí. Bóréètì tuntun ni, ìran òkúta tí omi ń tètè yọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì rí irú rẹ̀ rí. Ọdún mẹ́ta ló fi wá a. Ó ti lọ ìyókù kúnná fún àyẹ̀wò. Bí horo yìí ò bá dé ilé ìpamọ́ òkúta, ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí òkúta tuntun ò ní gbà pé ó rí nǹkan kan.

Ọ̀gá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Àwọn àgbà iṣẹ́ yìí, ahọ́n ni wọ́n fi ń dá òkúta mọ̀. Kí obìnrin náà tó ṣẹ́jú, bàbá ti lá a bí ewúrẹ́ tó rí iyọ̀.

"Ọ̀gá! Òkúta mi dà?"

Bàbá lá ètè. "Ó korò díẹ̀. Kọ ìyẹn sílẹ̀."

Fóònù dún. Olùtọ́jú ilé ìpamọ́ ni. "Àǹtí, ṣé òkúta yẹn ṣì ń bọ̀ lónìí?"

Obìnrin náà wo ikùn ọ̀gá rẹ̀ títí.

"Ó ń bọ̀ o. Ó ń wọ bàtà lọ́wọ́."