Sílíìfù Kẹta

Mẹkáníìkì ilé iṣẹ́ yìnyín fa sílíìfù kẹta jáde nínú ẹnjíìnì dísù. Àgbá irin yìí ni písítìnì ń sáré nínú rẹ̀, tí omi sì ń yí i ká. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, ihò wẹ́wẹ́ ti tò sí i lára bí igi tí ikán jẹ. Ó mọ ohun tó fà á. Bí irin bá ń gbọ̀n, omi a máa yọ ìfófòó sí i lára, ìfófòó náà a sì máa bù ú jẹ díẹ̀díẹ̀, àfi bí oògùn bá wà nínú omi. Òun ló yẹ kó máa da oògùn náà sí i. Omi ẹ̀rọ lásán ló ń bù sí i.

Ẹ̀gbẹ́ tó tẹ̀ lé e dán, ó tilẹ̀ dán ju ara irin yòókù lọ. Ó yí ojú tó dán náà síbi tí gbígbọ̀n pọ̀ sí, ó dì í padà, ó sì pa ẹnu mọ́.

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, tó ti fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ yìí kan náà, yà kí i.

"Ṣé o tú u ni?"

"Mo kàn yẹ̀ ẹ́ wò ni, sà."

"Ìkẹta ńkọ́?"

"Kò sí nǹkan tó ṣe é, sà."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. "O káre. Àwọn tó ń tan ẹnjíìnì ni kó o máa ṣọ́. Nígbà tèmi, wọ́n lé ọ̀kan lára wọn lẹ́nu iṣẹ́."

Ìyìn náà gún mẹkáníìkì lọ́kàn.

Kò pẹ́ tí omi fi wọ inú ọ́ìlì. Mánijà ní ẹni tó ń tan ẹnjíìnì ló jẹ́ kó gbóná jù, kó máa lọ sílé. Àbúrò mẹkáníìkì ni wọ́n lé yìí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ẹ mọ̀ pé mi ò kì í fi iṣẹ́ ṣeré."

Ojú ti mẹkáníìkì débi pé kò lè wo àbúrò rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀, ó sì rò ó bó ṣe jẹ́.

"Ẹ bá mi dé ọ̀dọ̀ mánijà, sà, kí n lè jẹ́wọ́."

Ọ̀gá bi í pé, "Ojú wo lo yí síbi tó ń gbọ̀n?"

"Èyí tó dán, sà."

Ọ̀gá dìde, ó dé fìlà rẹ̀, ó ní, "Jẹ́ kí èmi kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, torí èmi ni mo fi gọ́ọ̀mù dí ihò ojú yẹn, tí mo kùn ún, tí mo yí i pamọ́, tí mo sì dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń lé ọmọ ọlọ́mọ."