Lẹ́tà Mọ́kànlá Láti Bọ́mà

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan lọ́dún 1984, Clement Ọláníran wá sí ilé Pa Ògúndípẹ̀ ní Festac, ó wá gba àtẹ̀ka kan ṣoṣo. Bí aago márùn-ún bá lù tí kò rí i gbà, eré rẹ̀ ti parí nìyẹn.

Orúkọ eré náà ni Kúùkù Bọ́mà; inú àwọn lẹ́tà tí bàbá Clement fi ránṣẹ́ sílé láti ogun Bọ́mà ló ti mú ìtàn rẹ̀. Ọdún kejì rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n wà. Clement ló ń ṣe kúùkù sójà tó sá sínú ìkòkò nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá dé, tó sì fi ewúrẹ́ joyè sájẹ́ǹtì. Gbọ̀ngàn kan ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ni wọ́n ti ń yà á, èèyàn mẹ́rìnlá ló sì ń jẹun nídìí rẹ̀. Àwọn sójà àtijọ́ kan ló kọ̀wé pé ó ń fi òkú ṣe yẹ̀yẹ́. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wá ní kí Clement mú ẹ̀rí wá lọ́dọ̀ ẹni tó bá bàbá rẹ̀ jagun, pé àwọn ìtàn náà ṣẹlẹ̀ lóòótọ́.

Pa Ògúndípẹ̀ nìkan ló kù láyé nínú wọn. Òun ló ń bá àwọn sójà tí kò mọ̀wé kọ lẹ́tà sílé ní Bọ́mà, bàbá Clement sì wà lára wọn.

Ẹ̀bùnlọlá, ọmọ Bàbá, gbé míńírà wá. Àrùn ti rọ apá ọ̀tún Bàbá, kò lè di bírò mú mọ́. Ọwọ́ òsì wà nínú àpò bùbá rẹ̀, kò sì yọ ọ́ láti ìgbà tí àlejò ti wọlé.

"Lẹ́tà mélòó ló wà lọ́wọ́ rẹ?" Bàbá bi í.

"Mọ́kànlá, sà." Clement tò wọ́n sórí tábìlì. "Bàbá mi tẹ̀ka sídìí gbogbo ẹ̀. Mẹ́ta àkọ́kọ́ yìí, kò sọ nǹkan kan: mo wà dáadáa, ẹ kí ará ilé. Wọ́n ní kì í sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Láti orí ìkẹrin ló wá di aláwàdà. Ìgbà yẹn náà ló ṣèṣe níka. Ẹ wo àpá ọ̀bẹ bó ṣe là á láàárín. Màámi sunkún nítorí ẹ̀."

Bàbá kò wò ó.

"Oyún mi ló wà nínú Màámi nígbà yẹn," Clement ní. "Ìrònú ò jẹ́ kí wọ́n lè jẹun mọ́. Àwọn lẹ́tà yìí ló gbé wọn ró. Ẹ̀yìn ogun ni ìwé ìjọba tó dé pé ó kú, wọn ò tilẹ̀ kọ ọjọ́ sí i."

"Mo mọ̀ nípa oyún náà. Èmi ni mò ń ka lẹ́tà tí ìyá rẹ ń fi ránṣẹ́. Ṣé ó ń wo eré yẹn?"

"Gbogbo Ọjọ́rú, sà. Wọ́n á ní ohùn ọkọ àwọn nìyẹn."

Clement ṣí páàdì tàdáwà tó rà ní Agboju, ó sún ìwé ẹ̀rí tó ti kọ sílẹ̀ síwájú Bàbá.

"Mi ò ní tẹ̀ka," Bàbá wí.

"Ẹ ṣàánú Bọ̀dá yìí," Ẹ̀bùnlọlá bẹ̀ ẹ́. "Ṣebí ẹ̀yin náà fẹ́ràn eré ẹ̀. Kúùkù ò tíì yanu tí ẹ ti máa ń sọ ohun tó fẹ́ sọ."

Aago mẹ́rin kọjá. Clement tún sún ìwé náà mọ́ Bàbá.

"Ṣé irọ́ ni bàbá mi pa ni, sà?"

"Bàbá rẹ kò purọ́ rí."

"Ohun tí wọ́n máa kéde nìyẹn o! Pé irọ́ ló kọ ránṣẹ́ sílé. Ìyá mi á sì gbọ́."

Bàbá wo ọmọbìnrin rẹ̀, ó wo àwọn lẹ́tà náà. Lẹ́yìn náà ó yọ ọwọ́ òsì, ó ti àtàǹpàkò bọ tàdáwà, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé.

Clement dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó dìde, ó fẹ́ atẹ́gùn sí ìwé náà, ó sì tẹ́ ẹ sáàárín àwọn lẹ́tà kó lè gbẹ. Níbẹ̀ ló ti dúró. Ó mú lẹ́tà kẹrin, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì rí i pé ìlà kan náà ló la àtẹ̀ka méjèèjì láàárín.

"Bàbá," ó ní, "ọjọ́ wo gan-an ni bàbá mi kú?"