Aṣọ Pupa Ẹnu Ìbọn

Bàálù ogun náà ò tíì dúró tán tí atúnbọnṣe ti sáré dé abẹ́ apá rẹ̀. Aṣọ pupa tó fi lẹ ẹnu ìbọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ láàárọ̀ ṣì wà digbí. Ọta kankan ò gbabẹ̀ jáde.

"Clifton tí ẹ jọ gbéra ńkọ́?" ló kígbe.

Aubrey tó wà á sọ̀ kalẹ̀, ó ń gbọ̀n bí ọmọ tí òjò pa. "Àwọn Jámánì já a lulẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo yìnbọn títí o!"

Atúnbọnṣe wo ojú ọmọ ogún ọdún náà. Ọ̀gá wọn ti ń bọ̀ lórí pápá. Kí ó tó dé, atúnbọnṣe fi àtàǹpàkò dá aṣọ pupa mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lu.

"Ṣé ojo yìí tiẹ̀ yìnbọn?" ni ọ̀gá bi atúnbọnṣe.

"Ó yìn ín, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n kọ̀wé sí ìyá wa. Clifton ni àbíkẹ́yìn rẹ̀."