Oyin Ara Ògiri Funfun

Ọmọ náà kò tíì pé ọdún méje nígbà tí oyin ta á lọ́rùn, tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ wú débi pé díẹ̀ ló kù kó má lè mí mọ́. Dókítà ní bí òmíràn bá tún ta á, ó lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Láti ìgbà náà ni abẹ́rẹ́ tó ń pa oró oyin kì í ti í kúrò nínú báàgì ìyá rẹ̀.

Ọmọ yẹn ló di ayàwòrán. Àwòrán rẹ̀ kò tà rárá, àfìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya oyin: oyin lára ìkòkò, oyin lójú ọ̀run, oyin lára aṣọ ìyàwó. Àwọn aládùúgbò sọ ọ́ ní Ìyá Olóyin.

"Iṣẹ́ àṣekára ni oyin yìí ń tọ́ka sí," ni ọ̀gá tó ń bá a ta àwòrán máa ń sọ fún àwọn oníbàárà. "Ìṣọ̀kan ni. Ẹ wò ó dáadáa."

Ayàwòrán á rẹ́rìn-ín. "Ohun tí mo rí ni mo yà, ọ̀gá."

Ọ̀rọ̀ yìí ni kì í jẹ́ kí ìyá rẹ̀ fojú kan oorun. Ó kan nẹ́ẹ̀tì mọ́ gbogbo fèrèsé yàrá iṣẹ́. Ó fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Síbẹ̀, oyin inú àwòrán ń pọ̀ sí i, wọ́n sì ń dúdú sí i.

"Ṣé wọ́n ṣì ń wọlé?"

"Wọ́n wà níbẹ̀, Màámi. Iwájú ògiri funfun yìí ni wọ́n fẹ́ràn jù." Ayàwòrán tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó fẹ́ ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ife ọ̀dà, àmọ́ tábìlì ló fi gún. "Wọn ò ṣe mí ní nǹkan kan."

"Ọjọ́ tí wọ́n bá wá ṣe ọ́ ńkọ́? Mélòó ni mo bí? Dákun, jẹ́ ká kó kúrò níbí."

"Kí n pa iṣẹ́ tì? Ìsinsìnyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ mí?"

Ìyá rẹ̀ lọ pe ọkùnrin kan tó máa ń bá èèyàn kó oyin kúrò nínú ilé. Ọkùnrin náà gun àjà, ó fetí lé ògiri, ó wo ẹ̀yìn gbogbo àwòrán. Nígbà tó ṣe tán, ó gbọn eruku ara rẹ̀.

"Màmá, oyin kan ṣoṣo ò sí nílé yìí. Àfi bí ẹ bá fẹ́ kí n kó tinú àwòrán lọ."

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, jàre. Ọmọ mi ń rí wọn."

"Ilé tí oyin bá wà, ẹ ó gbọ́ ìró wọn, ẹ ó rí òkú wọn nílẹ̀. Mi ò gbọ́, mi ò sì rí."

"Ọ̀kan ló ń kọjá lọ yẹn," ni ayàwòrán wí.

Abẹ́rẹ́ ti dé ọwọ́ ìyá. "Níbo? Má mira! Dijú, kó má bàa ta ọ́ lójú!"

Ayàwòrán dijú. Ọkùnrin náà wo ògiri, ó wo òkè àjà, ó wá ń wo ìyá.

"Mo ti dijú, Màámi," ni ayàwòrán wí, "wọ́n ṣì ń fò níwájú mi."