Ẹyẹ Inú Eèsún

Àárọ̀ ọ̀la ni akọ̀wé ẹyẹ ń bọ̀. Ẹ̀ṣọ́ àbàtà jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ń wo omi. Oúnjẹ ọ̀sán ti tutù níwájú rẹ̀.

Ọdún mọ́kànlá rèé tí ìjọba ti fi wáyà yí àbàtà náà ká. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáko níbẹ̀, kò gbọdọ̀ gbẹ́ kòtò tí omi á gbà jáde. Nítorí ẹyẹ kan ni. Kò sẹ́ni tó ń rí i. Àárín eèsún ló ń gbé, ohùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbọ́, bí akọ màlúù tó já sí kànga. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, akọ̀wé ẹyẹ tí ìjọba ń rán á wá jókòó láti ìdájí, á gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, á kọ ọ́ sínú ìwé, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún tí kò bá gbọ́ ọ, wọ́n á tú wáyà. Àwọn oníbíríkì ti ri igi àmì pupa mọ́ etí omi, wọ́n ń dúró. Bí wọ́n bá fa omi yẹn gbẹ, kànga ìlú mẹ́ta á gbẹ tẹ̀ lé e.

Oṣù méjì rèé tí ìyàwó ẹ̀ṣọ́ ti kú. Àyà ló pa á. Nígbà tí àìsàn náà dé, dókítà bi obìnrin náà pé kí ló ń wá nínú omi tútù ní ìdájí. Ó ní eèsún lòun ń gé.

Ọmọ wọn obìnrin, tó ń ránṣọ ní ìgboro, ló wá kó ẹrù ìyá rẹ̀. Láti ìgbà tó ti dé ló ti ń bínú.

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ. Omi yìí ti jẹ ìyá mi. Ṣé ẹ̀yin ló fẹ́ fi panu ni?”

“Ta ni yóò ṣọ́ ọ?”

“Ọ̀pọ̀lọ́ á ṣọ́ ọ. Ilé wọn ni.”

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà fa akèrègbè kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ti gé ìdí rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ń dán bí ẹnu fèrè.

“Akèrègbè tí kò nídìí. Kí lẹ fẹ́ fi èyí pọn, ọgbọ́n?”

“Fi í sílẹ̀. Ti ìyá rẹ ni.”

Ó gbé e sójú fèrèsé. Ó ń ká aṣọ lọ.

“Ṣé ẹyẹ yẹn ṣì ń ké?”

“Mi ò gbọ́ ọ láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú.”

Aṣọ dúró lọ́wọ́ ọmọ náà.

“Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu nìyẹn. Kí lẹ máa wá sọ fún akọ̀wé?”

“Òótọ́.”

Nígbà tí bàbá jí ní ìdájí, bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀ ti ṣófo. Ó rò pé ó ti lọ wá ọkọ̀ tó máa kó ẹrù.

Akọ̀wé dé, ó bọ́ fìlà.

“Ẹ kú ará fẹ́ra kù, Bàbá. Gbogbo ọdún tí mo fi ń wá yìí, mi ò bá Ìyá nílé rí.”

“Ó máa ń tètè jáde.”

Wọ́n jókòó sábẹ́ àtíbàbà. Ilẹ̀ mọ́. Oòrùn yọ. Eèsún kò sọ nǹkan kan. Akọ̀wé wo aago, ó tún un wò, ó dé bíírò rẹ̀.

“Bàbá, ẹ ṣe sùúrù. Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ẹjọ́ mi.”

“Mo mọ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ nípa ẹyẹ yẹn.”

Ibẹ̀ ni nǹkan ti ké láàárín eèsún. Ohùn rẹ̀ há díẹ̀. Ó tún ké. Ó ké ẹ̀ẹ̀kẹta. Ó sinmi, ó ké ẹ̀ẹ̀kẹrin.

Akọ̀wé dìde, ìwé bọ́ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Ẹ̀ẹ̀mẹrin! Kò kọjá ẹ̀ẹ̀mẹta rí! Ohùn yìí sì fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bàbá, ọmọ nìyẹn! Ẹyẹ yín ti bímọ!” Ó he ìwé nílẹ̀, ó ń kọ ọ́. “Kí lẹ ní ẹ fẹ́ sọ?”

“Mo ti gbàgbé,” ni ẹ̀ṣọ́ wí.

Nígbà tó délé, ọmọ rẹ̀ jókòó sídìí iná, ìró rẹ̀ tutù dé ìbàdí, ó ń húkọ́; bàbá gba akèrègbè náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi aṣọ gbígbẹ bò ó léjìká, ó ní, “Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá rẹ máa ń ké.”